Bí Olùkọ́ Ṣe Lè Yẹ Faransé Rẹ̀ Wò ní Elavagnon

Olùkọ́ tí ìjọba bá gbé wá sí Elavagnon, olú ìlú ẹkùn Est-Mono ní Tógò, kò ní pẹ́ rí i pé èdè kan kò ká kíláàsì òun. Àwọn Ifẹ̀, tí àwọn mìíràn ń pè ní Ana, wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ Kabiyè ti ṣí láti àríwá wá dáko, àwọn darandaran Fúlàní sì wà lágbègbè náà. Ọmọ lè wọ CP1, kíláàsì àkọ́kọ́, láìgbọ́ Faransé rárá, kó má sì gbọ́ èdè ẹni tó jókòó tì í. Àtúnṣe ètò ẹ̀kọ́ Tógò ní 1975 fi Ewé àti Kabiyè sí ilé ìwé. Ifẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Faransé ni wọ́n sì fi ń ṣe ìdánwò.

Ẹ̀yin olùkọ́, ṣé dandan wá ni kí Faransé yín dà bíi ti ará Paris? Rárá o. Òfin kan tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní 2002 ní kí olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ èdè náà dáadáa. Ní Arizona, àwọn aláṣẹ wá ń ṣọ́ bí olùkọ́ ṣe ń pe ọ̀rọ̀, bí ẹni pé ohùn ìlú ẹni jẹ́ àbùkù. Ìjọba àpapọ̀ dá sí i, Arizona sì jáwọ́ ní 2011. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọmọ ti lè ṣì yín gbọ́ ni kí ẹ yẹ̀ wò. Bí ẹ bá ń pe “dessus” bí “dessous”, ọmọ tí ẹ ní kó kọ nǹkan sókè yóò kọ ọ́ sísàlẹ̀, ẹ óò sì ní kò fetí sílẹ̀. Bí “deux” bá jọ “douze” lẹ́nu yín, ìṣirò ti bàjẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣù ẹnu jọ bí ẹni fẹ́ súfèé, kí ẹ wá pe “i”: “u” Faransé nìyẹn. Ẹ ka àpèkọ ọ̀la sínú fóònù yín lálẹ́, kí olùkọ́ mìíràn sì kọ ohun tó bá gbọ́. Ibi tó bá ti ṣì í kọ ni kí ẹ tún ṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé “signal”, àmì ìtìjú, kọ́ ọmọ lọ́rùn nítorí pé ó sọ èdè ilé rẹ̀. Ọmọ tí ojú ń tì kì í béèrè ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkejì rẹ̀ tó gbọ́ èdè rẹ̀ ṣàlàyé fún un, kí òun náà wá fi Faransé sọ ọ́. Ẹ má sì bi í pé ṣé ó ti yé e, “oui” ni yóò dáhùn. Ẹ ní kó ṣe é kí ẹ rí i.

Bí ẹjọ́ ọmọ bá di ti òbí, ẹ má fi ọmọ náà ṣe ògbufọ̀. Ẹ wá àgbàlagbà tó gbọ́ èdè méjèèjì, kí ẹ sì ti bá a sọ̀rọ̀ kí òbí tó dé.