Ṣé a lè pe aṣojú wa padà?

Ìbéèrè: Aṣojú tí a dìbò fún sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ògùn kò yọjú sí wa mọ́. Ṣé dandan ni ká dúró de ọdún mẹ́rin? (Òǹkàwé kan, Ìgbẹ̀in)

Ìdáhùn: Rárá o. Abala 110 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 fún yín láṣẹ láti pè é padà. Àmọ́ ó ju ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò lágbègbè yín tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé, kí INEC, àjọ elétò ìdìbò, tó ṣètò ìbò lórí ọ̀rọ̀ náà. Ibẹ̀ ni gbẹgẹdẹ ti ń gbiná. Ní 2018, nígbà tí wọ́n fẹ́ pe Sẹ́nétọ̀ Dino Melaye padà ní Kogí, ìbuwọ́lù 5.34% péré lára àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ni INEC rí fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì kó jọ kò ní irú òfin yìí, síbẹ̀ ìwọ́de wọn mú kí ọba wọn, Aláké Adémọ́lá Kejì, fi oyè sílẹ̀ ní 1949.