Ẹsẹ̀ Tó Yí Sínú

Bíbélì Kíkà: 2 Samuẹli 4:4, 9:1-13

Bí wọ́n bá bí ọmọ tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ yí sínú ní Àgọ́ Aláyé níbí, ìbéèrè tí ìyá rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ni pé, "Ta ló ṣe é?" Wọn a wá máa fi aṣọ bo ẹsẹ̀ ọmọ náà.

Olùfẹ́ ọ̀wọ́n, irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí mọ́ Margaret Omotayo Alphonsi ní London lọ́dún 1983. Nàìjíríà ni ìdílé rẹ̀ ti wá. Olùkọ́ rẹ̀ nílé ìwé, Liza Burgess, tí òun náà ti ṣe eré rọ́gbì fún Wales, ló fà á wọ eré náà: bọ́ọ̀lù gbọọrọ bí ẹyin, tí ènìyàn 15 máa ń gbé sá. Iṣẹ́ Omotayo ni kí ó sáré mú ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù, kí ó sì dà á wólẹ̀. Ẹ rò ó wò, iṣẹ́ ẹsẹ̀ ni!

Ìgbà 74 ni ó ṣojú England. New Zealand nà wọ́n ní àṣekágbá Ìdíje Àgbáyé lọ́dún 2006, wọ́n tún nà wọ́n lọ́dún 2010. Lọ́dún 2014, ní Paris, wọ́n borí Canada, 21 sí 9. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, ó di ọmọ ìgbìmọ̀ RFU, àjọ tó ń darí rọ́gbì ní England.

Mefiboṣeti náà jókòó nídìí tábìlì ọba. Ẹ sì kíyè sí i: olùtọ́jú rẹ̀ ló já a sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sá, kì í ṣe àjẹ́.

Ẹsẹ̀ yíyí ní ìtọ́jú. Láti bí ọ̀sẹ̀ kìíní tàbí ìkejì, dókítà a máa rọra tọ́ ọ, a fi POP dè é, a sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ 5 sí 7. Lẹ́yìn náà, ọmọ á máa fi bàtà onírin sùn títí di nǹkan bí ọdún 4. Ibi bàtà yìí ni àwọn òbí ti ń jáwọ́, tí ẹsẹ̀ sì ń padà yí.

Ẹ má dúró dìgbà tí ààwẹ̀ bá parí. Ẹ lè gba ààwẹ̀ náà nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí ilé ìwòsàn ní Òrè. Bí ẹ bá sì mọ ìyá tó ń fi aṣọ bo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, ẹ bá a san owó ọkọ̀, kí ẹ sì tẹ̀lé e lọ.