Ẹ Má Tíì Fi Pákó Yẹn Dáná



Láti ìgbà tí omi ti fà, ohun tí à ń rí nídìí àwọn ilé tó wó ni pé wọ́n ń la pákó òrùlé, ilẹ̀kùn àti bẹ́ẹ̀dì fún iná. A mọ ìdí rẹ̀: oúnjẹ gbọ́dọ̀ jinná, kẹrosíìnì sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi gbogbo pákó rẹ̀ dáná báyìí, owó ni yóò fi ra àpótí ìjókòó nígbà tó bá padà sílé. Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí ohun méjì tí ẹ lè fi ayùn, òòlù àti ìṣó kàn fúnra yín láìsí iná mànàmáná: pẹpẹ tí a ń gbé oúnjẹ lé, àti àpótí ìjókòó. Pẹpẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ènìyàn lè jókòó lórí búlọ́ọ̀kù, ṣùgbọ́n àpò gàrí tó bá sun ilẹ̀ tútù fún ọjọ́ mélòó kan yóò bu.

Ẹ kọ́kọ́ ṣa igi yín sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ìyẹ̀fun pákó lẹ̀ pọ̀, irú èyí tó wà lára kọ́bọ́ọ̀dù, bí omi bá ti mú un wú, kò ní di ìṣó mú mọ́; ẹ jẹ́ kó lọ. Pákó gidi kì í tìtorí omi ọjọ́ mélòó kan bàjẹ́. Ìrókò àti apá le, ikán kì í tètè rí wọn jẹ. Ẹni tó bá ní in lára ilẹ̀kùn àtijọ́, kó tọ́jú rẹ̀ bí owó. Arère fúyẹ́, ayùn sì máa ń tètè gé e, ṣùgbọ́n ó máa ń yára jẹrà nílẹ̀ tútù. Orí pẹpẹ ni kí ẹ fi arère ṣe, kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ fọ ẹrẹ̀ kúrò lára pákó, ṣùgbọ́n ẹ má sá a sínú oòrùn gangan. Ìta rẹ̀ á gbẹ kí inú tó gbẹ, á sì lọ́ tàbí kó sán. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ lábẹ́ òrùlé ni kí ẹ tò ó sí, lórí òkúta, kí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ wà láàárín pákó kan àti èkejì, kí ẹ sì gbé nǹkan wúwo lé e. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ fara balẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan rèé tí a kò gbọ́dọ̀ fi ṣeré. Àwọn káfíńtà sábà máa ń fi Solignum tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti ṣiṣẹ́ kun igi òrùlé nítorí ikán. Igi bẹ́ẹ̀ dára fún ẹsẹ̀ pẹpẹ. Kò dára fún ohunkóhun tí yóò kan oúnjẹ, kò sì yẹ kí a fi dáná rárá, nítorí èéfín rẹ̀ léwu. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ní kí a kọ́ yín bí a ṣe ń gbẹ́ orógùn, igi tí ẹ kò bá mọ ìtàn rẹ̀, ẹ má fi ro ọkà.

Ìṣó àtijọ́ ṣì wúlò. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ tọ́ ọ lórí òkúta. Bí ìṣó bá gún ẹnikẹ́ni, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó mọ́ fọ ojú rẹ̀, kí ẹ sì lọ gba abẹ́rẹ́ tẹ̀tánọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Epo gbígbóná kọ́ ni oògùn rẹ̀.

Fún pẹpẹ, ẹ gé igi òrùlé 2×3 sí ẹsẹ̀ mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ íǹṣì 18. Ẹ fi igi ẹsẹ̀ bàtà 4 méjì so wọ́n lóòró, kí ẹ fi ti ẹsẹ̀ bàtà 2 méjì so wọ́n níbùú, kí orí gbogbo wọn dọ́gba. Ẹ wá to pákó pẹlẹbẹ sórí rẹ̀, kí àlàfo ìka kan wà láàárín wọn, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń gba abẹ́ kọjá ni kì í jẹ́ kí àpò ìrẹsì tutù. Bí ẹ bá tì í tó ń mì, ẹ kan igi kan ní ìdàgẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ kan dé òkè èkejì, níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, á dúró. Ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé òkúta tàbí ègé búlọ́ọ̀kù, nítorí ojú ibi tí ayùn ti gé igi ló ti máa ń fa omi, bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Ẹ má jẹ́ kó kan ògiri.

Àpótí ìjókòó kéré sí i, ṣùgbọ́n òun ló máa ń yẹ̀ jù. Pákó 1×12 tó gùn tó íǹṣì 33 ti tó: 14 fún ìjókòó, 9 àti 9 fún ẹsẹ̀ méjèèjì, ìyókù ni ti ohun tí ayùn yóò jẹ. Ẹ ti ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wọnú ní íǹṣì 2 láti etí ìjókòó. Igi ìdábùú tó máa wà láàárín wọn á jẹ́ bí íǹṣì 8, ṣùgbọ́n ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó gé e. Pákó tí wọ́n ń pè ní íǹṣì 1 lọ́jà kì í sábà pé. Bí igi ìdábùú yìí kò bá sí, àpótí á yẹ̀ mọ́ àgbàlagbà nídìí. Ìṣó íǹṣì 2½ mẹ́ta ni fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ dẹ ọ̀kan sọ́tùn-ún, kí ẹ dẹ ìkejì sósì, kí wọ́n lè di igi mú. Kí pákó má baà là, ẹ fi òòlù lu ẹnu ìṣó kó kú díẹ̀ kí ẹ tó kàn án. Ẹnu mímú máa ń la igi bí àáké.

Àwọn kan ti béèrè bóyá ti ọmọ ìjọ nìkan ni ẹ̀kọ́ yìí. Rárá o. Ní 1947, àwọn Fádà Kátólíìkì dá ibi iṣẹ́ ọnà igi sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, Fádà Kevin Carroll sì wà lára àwọn tó bójú tó o. George Bándélé, ọmọ Àreògún gbẹ́nàgbẹ́nà ará Òsì, ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Lamidi Fakeye, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa yìí, kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Mùsùlùmí ni Lamidi, ó sì gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ṣọ́ọ̀ṣì. Nítorí náà ẹnikẹ́ni tí omi lé kúrò nílé ní Ìwó níbí lè wá, lọ́kùnrin, lóbìnrin.

Ayùn, òòlù àti téèpù wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń pín nǹkan ìrànwọ́. Ẹ kọ orúkọ yín kí ẹ tó gbé e, kí ẹ sì dá a padà kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí ìdílé mìíràn ń dúró dè é.