Àtọ̀sí ajá: aràn tó ń wọ aṣọ wa bá wa jà

Tẹ́ ẹ bá dàgbà sí agbègbè Yewa, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti gbọ́ nípa àtọ̀sí ajá. Ọmọ á lọ wẹ̀ lódò, lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ̀jẹ̀ á máa jáde ní ìparí ìtọ̀ rẹ̀. Níbi púpọ̀ ní Áfíríkà, wọ́n tiẹ̀ máa ń sọ pé ọmọkùnrin náà ló ń bàlágà. Irọ́ ni o. Aràn ni.

Schistosoma haematobium lorúkọ rẹ̀ níléèwé. Inú ìgbín omi kékeré ló ti ń jáde, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló sì fi ń gba awọ ara wọlé. Tó bá dàgbà, akọ àti abo á so pọ̀, wọ́n á fìdí kalẹ̀ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí àpò ìtọ̀ ká. Wọ́n lè lo ọdún 3 sí 10 níbẹ̀.

Nínú ẹ̀jẹ̀ o! Ibẹ̀ gan-an làwọn sójà ara wà. Báwo ni wọn ò ṣe rí i? Aràn yìí máa ń mú èròjà láti ara wa, á fi bo ara rẹ̀ bí aṣọ. Táwọn sójà bá wò ó, ará ilé ni wọ́n rí. Ẹyin rẹ̀ ni kò láṣọ. Nǹkan bí ìdajì ẹyin yìí kì í bá ìtọ̀ jáde; wọ́n á há sínú ẹran ara, àwọn sójà á ṣùrù bò wọ́n, ojú ibẹ̀ á wú, á sì dàpá. Ìjà tí ara wa ń jà ló ń ba àpò ìtọ̀ jẹ́. Ní Ẹ̀gúà, àwọn olùwádìí fi ẹ̀rọ scan wo àpò ìtọ̀ àwọn àgbàlagbà tó ní aràn yìí, wọ́n sì rí ibi tó ti bàjẹ́. Ọdún 2016 niṣẹ́ náà jáde.

Ara ń kọ́gbọ́n, àmọ́ ó ń pẹ́. Ní Gambia, iṣẹ́ tí Hagan àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 1991 fi hàn pé àwọn tí antibody tó ń jẹ́ IgE pọ̀ lára wọn kì í tètè tún kó aràn náà lẹ́yìn ìtọ́jú. IgE ló ń ké sí eosinophil, sójà tó ń da májèlé lé aràn lórí. Òmíràn wà, IgG4, tó ń dínà mọ́ ọn.

Ẹ lè ní, ó tán, ẹ gún wa lábẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń mú IgE wá. Ẹ rọra. Ní Brazil, wọ́n dán irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ wò fún aràn mìíràn, hookworm. Àwọn tó ti kó hookworm rí ti ní IgE sí èròjà inú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe gún wọn, ara àwọn kan sú, iṣẹ́ dúró. Ní Senegal, ọmọ 250 kópa nínú ìdánwò Bilhvax, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2018. Kò léwu, àmọ́ kò dí aràn lọ́nà tó. Wọ́n ṣì ń dán Sm14 àti Sm-p80 wò.

Praziquantel la ní báyìí. Ó ń pa aràn tó ti dàgbà, kì í fi bẹ́ẹ̀ pa èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ọmọ tó lò ó lónìí, tó padà sódò lọ́la, lè tún kó o. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ gbé ìtọ̀ lọ fún àyẹ̀wò, ẹ gbà á láàárín aago 10 àárọ̀ sí aago 2 ọ̀sán: ìgbà yẹn lẹyin máa ń pọ̀ jù nínú rẹ̀.