Àdùkẹ́, Ọ̀rọ̀ Ìtọ̀ Tó Ń Já Yẹn

Ìpogùn

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Ọmọ ńkọ́? Ohun tí o sọ lórí fóònù, pé bí o bá wúkọ́ tàbí rẹ́rìn-ín, ìtọ̀ á já, má fi tijú mi. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí. Ọdún díẹ̀ wà tí n kò lè gún iyán láìfi àkísà sábẹ́.

O ní o ti ń ṣe eré ìdárayá iṣan ìsàlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò ṣiṣẹ́, àbí ara tìrẹ ni kò gbà á? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fún tẹ̀tẹ̀, kò tó fún iṣan. Oṣù mẹ́ta ni, kí o máa fà á nígbà mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́.

Ṣùgbọ́n iṣan wo lò ń fà? Nígbà tèmi, ìdí ni mo ń kì pọ̀, mo tún ń sé èémí. Físíò kan, oníṣègùn iṣan, ní Àkúrẹ́ ló wọ ìbọ̀wọ́, ó yẹ̀ mí wò, ó ní, “Màmá, títì lẹ ń tì í jáde, ẹ ò fà á wọlé.” Mo bú sẹ́rìn-ín. Ìtọ̀ já! Ó ní kí n ṣe bí ẹni tó ń dá isó dúró níwájú àna. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ibẹ̀. Kegel, dókítà ará Amẹ́ríkà tó kọ̀wé nípa eré yìí ní 1948, pàápàá kò fi ẹnu lásán kọ́ àwọn obìnrin. Ó ní ẹ̀rọ tó fi ń wo bóyá iṣan náà fún lóòótọ́.

O bi mí pé ta ni eré yìí máa ń ṣiṣẹ́ fún dáadáa. Àwọn oníṣègùn ṣì ń jiyàn lórí ọjọ́ orí àti bí ìtọ̀ náà ti pọ̀ tó. Èyí tí wọn kì í jiyàn lé lórí ni pé kí èèyàn mọ iṣan náà, kó má sì fo ọjọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù, nítorí ìrọbí rẹ pẹ́. Ṣé ìgbà ikọ́ nìkan ni, àbí ó ń kán tọ̀sán-tòru, láìgbẹ? Bó bá jẹ́ ti kíkán, ó lè jẹ́ pé ìrọbí náà ti dá ihò sí àpò ìtọ̀. Eré ìdárayá kò lè dí ihò. Iṣẹ́ abẹ ló sábà máa ń dí i. Má jẹ́ kó di ọ̀la kí o tó dé ọsibítù.

Bó bá jẹ́ ti ikọ́, Oǹdó tí o wà ni Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn wà láti 2015, wọ́n sì ń kọ́ àwọn físíò níbẹ̀. Lọ bèèrè. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀, èmi ni n óò pọn ọmọ.

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ