KÍ A TÓ KÓ ẸRẸ̀ LỌ SÍ OKO

Ẹ ka àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sókè lẹ́ẹ̀mejì: ẹrẹ̀ – ilẹ̀dú – adágún – àgbàrá – òjé.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi bá fà nínú adágún, ẹ máa ń rí ẹrẹ̀ dúdú nísàlẹ̀ rẹ̀. Níbo ló ti wá? Oko wa ló ti wá. Bí òjò ńlá bá rọ̀ sórí ilẹ̀ pupa wa, ní Oko-Akarè, ní Ikpinlè, ní Massè, àgbàrá á gbá ojú ilẹ̀. Á kó ilẹ̀dú, á kó ewé jíjẹrà àti ìgbẹ́ ẹran, á lọ dà wọ́n sí ibi tó rẹlẹ̀. Oúnjẹ àgbàdo wa ló sùn sábẹ́ omi yẹn. Bí a bá kó o padà, ohun ìní wa la kó padà.

Àwọn ará àfonífojì odò Ouémé mọ èyí. Wọ́n ń gbẹ́ kòtò ẹja tí wọ́n ń pè ní whedo, wọ́n sì ń gbin ẹ̀fọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má kó ẹrẹ̀ tútù lọ bo ẹsẹ̀ ohun ọ̀gbìn. Ẹrẹ̀ tó ti pẹ́ lábẹ́ omi kò ní afẹ́fẹ́, ẹ sáà ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sínú oòrùn títí yóò fi gbẹ, kí ẹ máa fi ọkọ́ yí i, kí ẹ fọ́ ọ wẹ́wẹ́, kí ẹ pò ó mọ́ ìgbẹ́ ewúrẹ́. Ẹ má kó o jọ sí etí adágún, torí òjò àkọ́rọ̀ á tún gbé e padà síbẹ̀, iṣẹ́ yín á di òfo. Nǹkan kan tún wà tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń gbàgbé: ẹrẹ̀ rírọ̀ nìkan ni kí ẹ kó. Bí ọkọ́ bá ti kan amọ̀ líle, ẹ dúró. Amọ̀ yẹn ni ìkòkò tó gbé omi dúró. Bí ẹ bá lu ìkòkò náà, kí lẹ ó máa pọn lẹ́ẹ̀rùn tó ń bọ̀?

Wàyí o, kì í ṣe gbogbo ẹrẹ̀ ló jẹ́ ọmọ oko. Ẹrẹ̀ inú kòtò ẹ̀gbẹ́ títì ńkọ́? Ti ẹ̀yìn ọjà? Ti ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ àti alùpùpù ṣe? Omi òjò ti fọ epo ẹ́ńjìnì, rọ́bà àti omi bátìrì síbẹ̀. Inú bátìrì ọkọ̀ ni òjé wà. Òjé kì í jẹrà, òjò kì í fọ̀ ọ́ tán, iná ò sì lè jó o run. Bí ẹ bá da ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ sídìí tẹ̀tẹ̀, ewé á gbà nínú rẹ̀, eruku rẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ ewé. Ẹ lè fi garawa omi dán ẹrẹ̀ wò. Bí epo bá ń dán lójú omi, ẹ dà á nù jìnnà sí kànga. Ṣùgbọ́n òjé inú ẹrẹ̀ kì í hàn sójú, kò ní òórùn. Ilé àyẹ̀wò nìkan ló lè rí i.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar, ní Senegal. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi fọ́ bátìrì àtijọ́ níbẹ̀, òjé sì wọ inú ilẹ̀. Nígbà tí owó òjé gbówó lórí, àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí wa ilẹ̀ náà, wọ́n ń kó o wálé, wọ́n ń kù ú bí ẹni ń ku gàrí. Láàárín oṣù kọkànlá ọdún 2007 sí oṣù kẹta ọdún 2008, ọmọdé 18 kú. Lójú, ilẹ̀ yẹn ò yàtọ̀ sí ilẹ̀ mìíràn.

Ilẹ̀ tí àwọn tó ń la ọ̀nà ń kó dànù náà wà. Awakọ̀ á ní, “Ọ̀fẹ́ ni, ibo ni kí n dà á sí?” Ilẹ̀ tí wọ́n wà láti ìsàlẹ̀ jíjìn dára láti dí kòtò, kò lè bọ́ iṣu. Ẹ sì wo ojú ọ̀nà omi dáadáa, kí ẹ má baà darí àgbàrá wọ ilé aládùúgbò. Bí awakọ̀ ò bá lè sọ ibi tó ti kó o wá, ní tèmi, kó máa gbé e lọ. Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Òfin ń bẹ lẹ́yìn yín. Òfin ńlá orílẹ̀-èdè Benin ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990, ní abala 27, sọ pé gbogbo ènìyàn ló ní ẹ̀tọ́ sí àyíká tó dára, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dáàbò bò ó. Òfin àyíká tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1999. Ní Ontario, ní Kánádà, wọ́n ṣe òfin ní ọdún 2019 lórí ilẹ̀ tó ṣẹ́kù níbi iṣẹ́: fún iṣẹ́ ńláńlá, wọ́n ní láti yẹ ilẹ̀ náà wò, kí wọ́n kọ ibi tó ti kúrò àti ibi tó ń lọ sílẹ̀. Àwa náà ti mọ̀wé kọ báyìí, àbí? Ìwé kan ṣoṣo lọ́wọ́ akọ̀wé abúlé tó:

Ọjọ́: ..........
Ibi tí a ti kó ilẹ̀ tàbí ẹrẹ̀: ..........
Ohun tó wà nítòsí ibẹ̀ (oko, ọjà, ibi àtúnṣe ọkọ̀): ..........
Iye kẹ̀kẹ́ ẹrù: ..........
Ibi tí a dà á sí, àti ohun tí a fi ṣe: ..........
Orúkọ ẹni tó gbé e wá àti ìfọwọ́sí rẹ̀: ..........

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀:
1. Adágún wo ló wà lábúlé yín? Kí ni àgbàrá ń gbà kọjá kó tó dé ibẹ̀?
2. Bí awakọ̀ bá kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé, kí lẹ ó ṣe? Ta lẹ ó sọ fún ní ilé iṣẹ́ mẹ́rì?
3. Ìṣirò: ènìyàn 9 kó kẹ̀kẹ́ ẹrẹ̀ 45 nínú adágún abúlé. Bí wọ́n bá pín in dọ́gba, mélòó ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan? Opó kan ní oko lẹ́bàá ibẹ̀, kò sì lágbára láti wa ẹrẹ̀. Ṣé kí wọ́n fún un níbẹ̀? Ẹ tún ìṣirò náà ṣe fún ènìyàn 10, kí ẹ sọ iye tó ṣẹ́kù.