TALITA KUMI: Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌPÀDÉ ẸGBẸ́ ÀWỌN OBÌNRIN

Ibi kíkà: Máàkù 5:21–43, Léfítíkù 15:25–27, Gálátíà 3:26–29

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ ka Máàkù orí karùn-ún láti ẹsẹ̀ 21 dé òpin. Ẹ kà á sókè ketekete, ẹ má kánjú.

Ní ìpàdé wa kan, ọ̀rọ̀ kan dìde tí kò tán bọ̀rọ̀. Ọmọ ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa ti òkè òkun dé, ó sì sọ fún wa pé ní ṣọ́ọ̀ṣì tí òun ń lọ níbẹ̀, wọ́n ń kọ́ ènìyàn láti máa béèrè ìbéèrè nípa ohun tó wà nínú Bíbélì, wọ́n sì ń pe ẹ̀kọ́ náà ní ẹ̀kọ́ Kristẹni tó ń tẹ̀ síwájú. Ìyá àgbà kan dá a lóhùn pé, “Síwájú lọ síbo? Ṣé Jésù wà lẹ́yìn ni?” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó ń ba ìyá yẹn kì í ṣe ẹ̀rù lásán. A ti rí àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè, tí àdúrà sì ti kúrò nílé wọn nígbà tí ìbéèrè yóò fi tán. Síbẹ̀, mo fẹ́ kí a mọ̀ pé òkè òkun nìkan kọ́ ni irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Obìnrin Mẹ́tọ́díìsì kan láti ilẹ̀ Áfíríkà wà lára àwọn tó síwájú nínú rẹ̀, ìyàwó ilé Yorùbá sì ni.

Orúkọ rẹ̀ ni Mercy Amba Oduyoye. Gánà ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1934, àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì sì ni bàbá rẹ̀. Ó kàwé ní Yunifásítì Gánà àti ní Cambridge. Ó fẹ́ ọmọ Yorùbá, Modupe Oduyoye, ẹni tí ó kọ ìwé lórí èdè àti orúkọ wa, ó sì kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láti 1987 dé 1994, ó jẹ́ igbákejì akọ̀wé àgbà fún Àjọ Àwọn Ìjọ Àgbáyé ní Geneva. Ní 1989, òun àti àwọn obìnrin láti oríṣìíríṣìí orílẹ̀-èdè Áfíríkà péjọ sí Accra, wọ́n sì dá agbo kan sílẹ̀ fún àwọn obìnrin tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run, tí ọ̀ràn ìjọ àti ti àwùjọ sì ń ká lára. Talita kumi ni wọ́n fi ṣe àkòrí ìpàdé náà. Nílé wa níbí, ní Ìbàdàn, ni Daystar Press ti tẹ ìwé ìpàdé yẹn jáde ní 1990.

Kí ni wọ́n ń wí? Wọn kò ní kí a ju Bíbélì nù. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé bí ọkùnrin bá ń ka Bíbélì láti orí àga tirẹ̀, kí obìnrin náà kà á láti ibi tí ó jókòó sí, ì báà ṣe nídìí ààrò. Wọ́n ní kí a bi àṣà wa léèrè pẹ̀lú: àṣà opó, àṣà ogún pínpín, àwọn òwe tí a fi ń tọ́ ọmọbìnrin. Èyí tó bá ń fún ni ní ìyè, ẹ jẹ́ kí a dì í mú. Èyí tó bá ń pa ènìyàn lára, kò yẹ kí a fi orúkọ Ọlọ́run bò ó mọ́lẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀ kan tó jáde ní 1995, màmá Oduyoye gbé àwọn òwe àti ìtàn Akan àti ti Yorùbá yẹ̀ wò lọ́nà yìí. Àwọn mìíràn nínú agbo náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ní 1999, Musa Dube láti Botswana kọ ọ̀rọ̀ kan lórí Máàkù 5 yìí gan-an, ó sì fi obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀ náà ṣe àpẹẹrẹ ilẹ̀ Áfíríkà fúnra rẹ̀. Nígbà tí agbo náà pàdé ní Addis Ababa ní 2002, àrùn éèdì ni wọ́n gbájú mọ́, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ṣì ń pè é ní ìjìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n sì ń yẹra fún àwọn tó ní in.

Ẹ jẹ́ kí a padà sínú Máàkù. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà lára rẹ̀ fún ọdún 12. Ọmọbìnrin Jáírù jẹ́ ọmọ ọdún 12. Ọdún tí ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ àìsàn ni wọ́n bí èkejì. Ó sì yẹ kí àwa ìyá rí i pé ní ọjọ́ orí ọmọ náà, nǹkan oṣù tirẹ̀ náà kò ní pẹ́ dé. Gẹ́gẹ́ bí òfin Léfítíkù, ibùsùn tí obìnrin àkọ́kọ́ sùn lé di aláìmọ́, àga tó jókòó lé di aláìmọ́, ẹni tó bá fara kan ohun wọ̀nyí yóò wẹ̀, yóò sì jẹ́ aláìmọ́ títí di alẹ́. Ọdún 12 ni kí ẹ fi sọ́kàn! Ó ti ná gbogbo owó rẹ̀ fún àwọn oníṣègùn. Ìdí nìyẹn tí ó fi gba ẹ̀yìn wá.

Jésù kò jẹ́ kí ó gba ẹ̀yìn lọ. Ó dúró, ó béèrè ẹni tó fọwọ́ kan aṣọ òun. Ìgbà kan wà tí mo máa ń rò pé ó fẹ́ dójú tì í ni. Mo ti wá rí i pé bí ó bá lọ sílé ní ìkọ̀kọ̀, ara rẹ̀ yóò dá, ṣùgbọ́n àwọn ará àdúgbò yóò ṣì máa yẹra fún un. Obìnrin náà sọ gbogbo òtítọ́ ní gbangba, Jésù sì pè é ní ọmọbìnrin rẹ̀. Ẹ wo Jáírù tó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìrora ọkàn. Olórí sínágọ́gù ni, ó mọ òfin. Máàkù kò sọ fún wa pé ó ní kí Jésù tí obìnrin yìí ti fọwọ́ kàn má wọ ilé òun mọ́. Nígbà tí wọ́n dé ilé, Jésù tún di ọwọ́ òkú mú, ohun tí Númérì 19:11 pè ní àìmọ́ ọjọ́ méje. Ọmọ náà dìde, Jésù sì ní kí wọ́n fún un ní oúnjẹ.

Mo ní ìdí tí mo fi pẹ́ níbí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin máa ń bá mi tẹ́ aṣọ sórí tábìlì Olúwa ní ọjọ́ Sátidé. Lọ́jọ́ kan ó rọra sọ fún mi pé inú ń run òun, nǹkan oṣù òun dé. Mo gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó lọ jókòó sẹ́yìn, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àlùfáà kọ́ ló rán mi. N kò pariwo mọ́ ọn. Bí ìyá mi ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe sọ ọ́ fún un. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, n kò rí i. Nígbà tí mo lọ bá a nílé, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, “Màmá, ẹ má bínú, èmi kì í ṣe ẹlẹ́gbin.” N kò rí èsì fọ̀. Ìjọ mìíràn ló ń lọ báyìí.

Ẹni tó bá sọ pé ìbéèrè irú èyí jẹ́ àjèjì sí Mẹ́tọ́díìsì, kí ó rántí ìyá John Wesley. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1712, ọkọ Susanna wà ní London. Susanna ń ka ìwàásù àti àdúrà fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní ilé ìdáná wọn ní Epworth, àwọn aládùúgbò gbọ́, wọ́n ń wá, títí wọ́n fi tó nǹkan bí 200. Àlùfáà tó ń di ipò ọkọ rẹ̀ mú fẹjọ́ sùn. Ọkọ kọ̀wé pé kó dáwọ́ dúró. Susanna dá a lóhùn pé bí ó bá fẹ́ kí òun dáwọ́ dúró, kí ó pa á láṣẹ gbangba, kí ọrùn òun lè mọ́ níwájú Ọlọ́run. John wà nínú ilé náà, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Nígbà tí Mary Bosanquet kọ̀wé sí i ní 1771 nípa ìpè tirẹ̀ láti wàásù, ó gbà fún un. Wesley kú ní 1791. Nígbà tí yóò fi di 1803, àwọn ọkùnrin ìjọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti há àwọn obìnrin oníwàásù mọ́. (Ọdún 12 náà tún nìyẹn o!) Ó di 1974 kí wọ́n tó fi obìnrin jẹ àlùfáà níbẹ̀.

N kò sọ pé gbogbo ohun tí wọ́n ń pè ní ìtẹ̀síwájú ni mo gbà. Àwọn olùkọ́ kan wà tí wọ́n ní iṣẹ́ ìyanu Jésù kò ṣẹlẹ̀, pé àkàwé lásán ni. N kò bá wọn dé ibẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà kò bá dá ní tòótọ́, ìròyìn ayọ̀ wo ni mo fẹ́ gbé lọ fún aláìsàn? Ṣùgbọ́n n kò lè tìtorí wọn di etí mi sí ìbéèrè ọmọbìnrin yẹn.

Nínú kíláàsì yín, ẹ jíròrò nǹkan wọ̀nyí, kí àwọn ọ̀dọ́bìnrin kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí àwa ìyá gbọ́ wọn tán kí a tó fèsì. Ta ni ó ń gba ẹ̀yìn wá nínú ìjọ wa, kí sì ni ó ń bà á lẹ́rù? Nígbà tí ọkọ ọ̀kan nínú wa kú, kí ni ẹbí ṣe fún un, kí ni ẹgbẹ́ wa ṣe, ta ló wà pẹ̀lú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pín ẹrù? Èwo nínú àwọn òfin tí a ń fi lé àwọn ọmọbìnrin wa lọ́wọ́ ni a rí nínú ìwà Jésù, èwo ni a gbà lẹ́nu ìyá wa nìkan? Kí akọ̀wé kọ ìdáhùn yín sílẹ̀, kí ó mú un wá sí ìpàdé sákíìtì.